Òkú Ẹran tí Jovnna Kọ̀ Láti Kà

Láti ìgbà tí Jovnna ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún ni kò ti sí ẹni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láàárín àwa Sámi tí à ń da àgbọ̀nrín ní ilẹ̀ òtútù. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ibùdó, òun ni wọ́n ń wò. Bí ìkookò bá wọ inú agbo, òun ni wọ́n ń pè. Ó mọ ipasẹ̀ àgbọ̀nrín lórí òjò dídì bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run má fi ìmọ̀ tiwa bá wa jà.

Ìdílé mẹ́fà ló ń da ẹran pọ̀ nígbà òtútù lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Elle-Risten, opó Máhtte tó jẹ́ àbúrò Jovnna lọ́kùnrin. Yìnyín orí odò ló fọ́ mọ́ Máhtte lẹ́sẹ̀ lọ́dún méje sẹ́yìn, ó sì kú sínú omi. Láti ìgbà náà, obìnrin yìí nìkan ló ń da ẹran tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, a kò sì gbọ́ kó ráhùn rí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kò ní nǹkan láti sọ, bẹ́ẹ̀ ni ayé ń ṣe.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn, òjò rọ̀. Òjò olómi ni mo wí o, kì í ṣe òjò dídì. Àwọn bàbá wa lè lo ayé wọn tán kí wọ́n má rí irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní oṣù yẹn, ṣùgbọ́n ní tiwa, ọdún kẹta nínú mẹ́wàá nìyí. Òjò náà ń lu òrùlé, omi ń ṣàn lójú fèrèsé, Jovnna sì jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú Guhtur aládùúgbò rẹ̀, wọ́n ń mu kọfí tí wọ́n rẹ wàràkàṣì sí nínú. Bí Elle-Risten ṣe wọlé nìyẹn, gbogbo ara rẹ̀ tutù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kó ẹran lọ sí igbó Stuoravuopmi lónìí, kí ilẹ̀ tó dì.”

“Jókòó mu kọfí, ìyàwó.”

“Mi ò wá mu kọfí. Bí òtútù bá bá omi yìí nílẹ̀, ilẹ̀ á tì pa. Kí ni wọ́n máa jẹ?”

“Òjò oṣù kìn-ín-ní kì í pẹ́,” ni Jovnna wí. “Ọ̀la, ọ̀tunla, òjò dídì tuntun á bọ́ lé e lórí. Ṣé torí omi ṣíún yìí la ó ṣe máa lé abo olóyún káàkiri igbó?”

Guhtur, tí kì í jẹ́ kí àwàdà kọjá lára òun, bú sẹ́rìn-ín. “Àbí kí á ra agboòrùn fún wọn ni, Elle-Risten? Màá bá ẹ di tàwọn ọmọ mú.”

Jovnna náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wo àwọn méjèèjì, ó fún omi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jáde. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀nà igbó. Ṣùgbọ́n ẹran ìdílé mẹ́fà ti dàpọ̀, ẹnì kan kì í sì í ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ ní àárín òtútù láìjẹ́ pé olórí sọ̀rọ̀. Olórí ti sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, òtútù dé. Omi tó ti rin òjò dídì gbingbin di yìnyín tó le bí òkúta. Àwọn àgbọ̀nrín ń fi pátákò họ ilẹ̀, wọ́n ń gbóòórùn ewéko funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnu wọn kò sì kàn án. Wọ́n ń họ ọ́ títí pátákò wọn fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Jovnna ti mọ̀ pé òun ti ṣì í. Ó mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jáde lọ kan ilẹ̀kùn opó àbúrò rẹ̀, kí ó ní, “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n”? Ó ní kí àwọn dúró wò ó díẹ̀ sí i. Wọ́n dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí, ẹran ti di egungun lábẹ́ irun. Ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni Stuoravuopmi, igbó àwọn igi àtijọ́ tí ewéko dúdú bí irùngbọ̀n ń rọ̀ lára wọn. Irùngbọ̀n igi yìí ni àgbọ̀nrín ń jẹ nígbà tí ilẹ̀ bá tì. Àwọn tó débẹ̀ yè. Àwọn tí kò débẹ̀ sùn sójú ọ̀nà, ẹyẹ ìwò sì jẹ ojú wọn. Jovnna gba ọ̀nà yẹn padà pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó ń gé etí òkú ẹran tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ara etí ni a ń kọ ilà tó ń sọ ẹni tó ni ẹran. Ó kó etí náà sínú àpò, ó gbé àpò náà kọ́ sínú àká. Ìtìjú kò jẹ́ kó là á lẹ́nu fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

Ní oṣù kẹrin, ìjọba rán ìgbìmọ̀ wá. Òfin lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún ní olú-ìlú. Apá kan òfin náà wà fún dídín èéfín àwọn iléeṣẹ́ kù. Apá kejì jẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mọ́, kí àwọn ẹranko ilẹ̀ òtútù lè ríbi sá sí bí ayé ṣe ń móoru: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun, àparò funfun, àti àgbọ̀nrín wa. Sunná, ọmọbìnrin àbúrò Jovnna mìíràn, tó jẹ́ tíṣà nílé ẹ̀kọ́ abúlé, ti kọ lẹ́tà sí wọn fún odidi ọdún méjì kí wọ́n lè fi Stuoravuopmi sínú rẹ̀, nítorí àwọn agégi ti ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi ibẹ̀.

“Bàbá,” ni ó sọ fún Jovnna láàárọ̀ ọjọ́ náà, “nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Mélòó ló kú lórí yìnyín, mélòó ni igbó gbà là. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ṣé ìwọ ni wàá kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ̀rọ̀?”

“Rárá o. Mo kàn ń bẹ̀ yín ni.”

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ má bínú sí i jù. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Láàárín àwa Sámi, ẹni tó bá bi ọ́ pé ẹran rẹ mélòó ti rí ọ fín, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọ̀rọ̀ gbé e ṣubú. Ti òkú ẹran tún wá burú ju ti ààyè lọ. Wọ́n ní darandaran tó mọ iṣẹ́ kì í ní òkú púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣà nìkan ló di Jovnna lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó bá ka òkú, ẹnì kan á béèrè ìdí tí wọn kò fi ṣí kí ilẹ̀ tó dì.

Gbọ̀ngàn abúlé kún. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Gunvor ni olórí ìgbìmọ̀, arúgbó ni, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ Jovnna, níwájú gbogbo wọn, pé ẹran mélòó ló ní.

“Ó wà lápá ọ̀tún igi,” ni Jovnna wí, “ó sì wà lápá òsì igi.”

Gbọ̀ngàn hó fún ẹ̀rín. Èsì àtijọ́ ni, baba ńlá wa ti fi lé agbowó-orí lọ. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ ọn nínú.

“Àwọn tó kú ńkọ́, Jovnna? Lẹ́yìn òjò oṣù kìn-ín-ní?”

Ó rí Sunná tó pa ọwọ́ pọ̀ sórí itan. Ó rí Elle-Risten lẹ́bàá ògiri, tó ń wo ilẹ̀.

“Ẹran máa ń kú lọ́dọọdún,” ni ó wí. “Tèmi kò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, ẹran rẹ̀ kì í kú bí ẹṣinṣin. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú púpọ̀, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe.”

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe bi Guhtur, ó ní, “Díẹ̀ ni tèmi náà.” Ẹni tó tẹ̀ lé e ní díẹ̀. Gbogbo wọn ń wí “díẹ̀, díẹ̀,” títí ó fi kan Elle-Risten. Ó dìde, ó wo Jovnna lójú lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, “Mi ò ní nǹkan kan láti sọ níbí.” Ó sì jókòó. Nígbà tí wọ́n tú ká, ó gba ẹ̀gbẹ́ Jovnna kọjá láìkí i.

Ní oṣù keje, níbi tí wọ́n ti ń kọ ilà sí etí àwọn ọmọ ẹran tuntun, Sunná wọ inú ọgbà wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ ìjọba ti jáde. Ó kà á sókè: Stuoravuopmi kò sí níbẹ̀. “Àwọn darandaran fúnra wọn jẹ́rìí pé àdánù wọn kò ju ti ọdọọdún lọ.” Bí ilẹ̀ bá ti dì, tó le tó láti gba ẹ̀rọ, àwọn agégi á wọlé.

Ọ̀bẹ Guhtur dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ní igun ọgbà, Elle-Risten mú ọmọ ẹran kan lọ́rùn, ó kọ ilà Máhtte sí i létí, ó tú u sílẹ̀, ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó sì fi í sínú àkọ̀. Ọmọ ẹran kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo tirẹ̀ lọ́dún náà. Jovnna rí i. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

“Inú yín dùn báyìí?” ni Sunná bi í.

“Sunná, ọ̀rọ̀ àgbà lò ń...”

“Àgbà wo? Ẹ pa wọ́n lẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ pa wọ́n lẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ lọ pa àgbọ̀nrín náà lẹ́rìn-ín bí ebi bá ń pa wọ́n lórí yìnyín.”

Lọ́jọ́ mìíràn, ìbá ti pariwo mọ́ ọn. Lọ́jọ́ náà, ó kó ọ̀bẹ rẹ̀, ó sì lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé àpò inú àká sẹ́yìn, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Luleå, níbi tí ọ́fíìsì Gunvor wà. Àpò náà ń rùn. Obìnrin tó jókòó tì í kọ́kọ́ fi ìborùn bomú, lẹ́yìn náà ó dìde lọ síwájú, gbogbo bọ́ọ̀sì sì ń wẹ̀yìn. Jovnna tẹjú mọ́ ojú fèrèsé títí wọ́n fi dé ìlú.

Gunvor kò fi nǹkan kan bomú nígbà tí ó ṣí àpò náà lórí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀. Ó wò ó, ó wo Jovnna.

“Mélòó ni?”

Jovnna ní, “Igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Tèmi nìkan nìyẹn. Irọ́ ni mo pa fún yín.”

Gunvor kò bá a wí. Ìbá sàn kó bá a wí. Ó dìde, ó yọ fáìlì kan nínú àpótí, ó fa ìwé kan jáde, ó sì tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. “Bàbá, ẹ ka èyí.”

Ọwọ́ ìkọ̀wé Elle-Risten ni. Ọjọ́ mẹ́ta kí ìgbìmọ̀ tó wá sí abúlé ló ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìpàdé ló tó tẹ Gunvor lọ́wọ́. Ó ní àádọ́rùn-ún ni ẹran òun, mọ́kàndínlọ́gọ́rin ló ti kú, mọ́kànlá ló kù, Stuoravuopmi ló sì gba mọ́kànlá náà là. Kò sọ pé ẹnì kan dá òun dúró. Ó kàn kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi Jovnna ẹ̀gbọ́n ọkọ mi léèrè òkú ẹran rẹ̀ lójú àwùjọ. Ojú yóò tì í. Èèyàn dáadáa ni. Ti èmi yìí ni kí ẹ gbà, kí ẹ fi í ṣe ti gbogbo wa.”

Ẹnì kan ti fi gègé pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà pé: Kò ṣeé gbà gbọ́. Olórí wọn sọ pé ẹran ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló ń kú.

Jovnna kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìtìjú dé ìtìjú. Ó ti rò pé òkú ẹran tó wà nínú àpò ni ìdojútì òun, kò mọ̀ pé ó kéré sí èyí. Obìnrin tó fi aṣọ bo ìhòòhò rẹ̀, òun ni Jovnna bọ́ sí ìhòòhò lójú ọjà. Ó ti sọ ọ́ di òpùrọ́ sínú ìwé ìjọba. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú níbẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, nínú ọ́fíìsì tí oòrùn ti ń wọlé, Gunvor sì ń wo òde fún un.

“Mi ò lè tún un kọ níbí,” ni Gunvor wí nígbà tó yá. “Ojú gbogbo ènìyàn lẹ ti jẹ́rìí, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ, ojú gbogbo ènìyàn náà ni. Mo lè padà wá lóṣù tó ń bọ̀.”

“Mo gbọ́.”

“Ṣé ẹ máa lè ṣe é?”

“Mi ò mọ̀,” ni Jovnna dáhùn, òótọ́ àkọ́kọ́ tó rọrùn fún un láti sọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Gbọ̀ngàn tún kún ní oṣù kẹjọ. Jovnna ti dì í mọ́ inú pé òun á dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ó ní láti di ẹ̀yìn àga mú. Ó sọ iye tí ó ní. Ó sọ iye tó kú. Ariwo kékeré kan gba inú ilé náà kọjá, nítorí kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu Jovnna. Guhtur ń wo bàtà rẹ̀.

“Kì í ṣe òjò nìkan ló pa wọ́n,” ni Jovnna wí. “Elle-Risten wá bá mi lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Ó ní ká ṣí. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dá ẹran yín dúró lórí yìnyín, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé obìnrin ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Lẹ́yìn náà mo tún dúró níbí, mo bú u. Òun ló sọ òótọ́, òun ni wọ́n pè ní òpùrọ́. Kí ẹ pa ọ̀rọ̀ pupa yẹn rẹ́, Ìyá. Èmi ni kí ẹ kọ ọ́ sí lára.”

Ó jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, Guhtur dìde, kò ṣe àwàdà. “Ọgọ́fà ni tèmi,” ni ó wí, ó sì tètè jókòó. Àwọn yòókù ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ iye, wọn kò wo ojú ara wọn. Elle-Risten kò dìde. Ó ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, Stuoravuopmi wọ inú òfin. Wọ́n kan pátákó mọ́ ọ̀nà igbó, àwọn agégi kó ẹ̀rọ wọn lọ. Sunná sunkún fún ayọ̀, ó dì mọ́ Jovnna lọ́rùn níwájú ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń yìn ín pé ó ṣe ọkùnrin. Ìyìn náà ń ta á lára ju èébú lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti yìn ín ló ń ronú kan ìwé yẹn, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé èèyàn dáadáa ni.

Òjò olómi mìíràn kò dúró de oṣù kìn-ín-ní lọ́dún náà. Ó rọ̀ ní oṣù kejìlá. Jovnna kò jókòó sídìí kọfí. Ó gun alùpùpù orí òjò dídì rẹ̀ lọ sílé Elle-Risten láti sọ pé kí àwọn ṣí lójú ẹsẹ̀. Kò bá a nílé. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì bá a nínú Stuoravuopmi. Àná, kí òjò náà tó bẹ̀rẹ̀, ló ti kó ẹran rẹ̀ débẹ̀, láìbi ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹran náà na ọrùn sókè, wọ́n ń fa irùngbọ̀n igi jẹ. Òun náà dúró lábẹ́ igi kan, ó ń fi ọwọ́ ya irùngbọ̀n náà sílẹ̀ fún ọmọ ẹran kan tí ọrùn rẹ̀ kò gùn tó.

Jovnna pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ṣí fìlà. Gbogbo ohun tó ti ń kó jọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wá dà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó ní kó dárí ji òun, ó ní kó wá yan ogún abo nínú agbo òun, kó kọ ilà tirẹ̀ sí wọn létí, ó ní òun kò tún ní dá a dúró mọ́ láéláé.

Elle-Risten gbọ́ ọ títí ó fi parí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀.

“Mi ò gba ẹran yín, ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí. “Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ ní gbọ̀ngàn. Ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ tèmi.”

Ó yíjú padà sí igi náà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya irùngbọ̀n rẹ̀ fún ọmọ ẹran. Jovnna dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, òjò sì ń pa á lórí.